Ibi tí Frida gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí

Ẹ lọ yẹ ojú ìwé mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ ti máa rí ẹsẹ̀ mi. Kò ṣèèṣì o. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ síbi tí kò yẹ. Látìgbà náà ni ẹsẹ̀ òsì mi ti tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo sì ń tiro. Tí mo bá wọ sítúdíò, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ́kọ́ bá onífọ́tò sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e níbi ìbàdí."

Ìdí nìyẹn tí fọ́tò Frida Kahlo fi kún inú fóònù mi. Ẹ mọ̀ ọ́n jàre, ayàwòrán ọmọ Mẹ́síkò yẹn tí irun òkè ojú rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí pólíò mú un. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọdé ń pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ igi. (Èmi, atiro ni wọ́n ń pè mí. Ọmọdé ò yàtọ̀ níbì kankan.) Ní 1925, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ forí gbárí pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, irin gún un wọlé ní ìbàdí, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kán. Orí ibùsùn ló ti wá gbájú mọ́ àwòrán yíyà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ onífọ́tò ni? Jámánì ni wọ́n bí Guillermo bàbá rẹ̀ sí, àmọ́ fọ́tò ló fi ń jẹun ní Mẹ́síkò. Wárápá máa ń gbé bàbá náà, Frida ló sì máa ń tẹ̀ lé e jáde, kó lè tọ́jú rẹ̀ tó bá ṣubú, kó sì ṣọ́ kámẹ́rà kí wọ́n má bàa jí i gbé lọ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ fọ́tò àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ní 1926, bàbá ya fọ́tò ẹbí, Frida wọ kóòtù àti táì ọkùnrin sáàárín wọn. Ẹ wo ojú ẹ̀ níbẹ̀! Ṣòkòtò sì bo ẹsẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ Diego Rivera, aṣọ àwọn obìnrin Tehuantepec ló gbà mọ́ra: síkẹ́ẹ̀tì gbọọrọ tó ń wọ́lẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wúwo, òdòdó lórí. Edward Weston yà á ní San Francisco ní 1930, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe làwọn èèyàn ń dúró lójú títì tí wọ́n ń wò ó. Ọdún kejì, Imogen Cunningham náà yà á. Mo rò ó títí. Wọ́n á wo èèyàn náà ni. Frida kúkú fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á máa wò.

Ti Nickolas Muray ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ Hungary tó ń gbé New York ni, òun àti Frida sì fẹ́ra wọn fún ọdún gbọọrọ. (Ẹ má bi mí nípa ọkọ rẹ̀. Diego náà ò jókòó jẹ́ẹ́.) Muray ti mọ fọ́tò aláwọ̀ yà dáadáa nígbà tí dúdú àti funfun ṣì pọ̀ jù níta. Ní 1939 ó yà á pẹ̀lú ìborùn kan tó pupa bí elésè àlùkò, àwọ̀ náà ń ta síni lójú. Lọ́dún yẹn kan náà, ó yà á lórí àga gbọọrọ funfun. Mo fi ìka méjì fẹ èyí lórí fóònù, mo ń wá bàtà. Mi ò rí bàtà.

Oṣù tó kọjá la ṣe ìgbéyàwó àǹtí mi. Onífọ́tò tò wá, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Sister, ẹ bọ́ sẹ́yìn àga yẹn, á dáa jù bẹ́ẹ̀."

Ibi tí èmi fúnra mi ì bá dúró sí náà ni o! Àtọjọ́ tí mo ti ń wá ẹ̀yìn àga kiri. Àmọ́ ara mi gbóná. Mo dúró síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo délé, mo sunkún.

Alẹ́ yẹn ni mo lọ wo àwọn fọ́tò ìgbẹ̀yìn tí mo ti ń sá fún. Juan Guzmán yà á lórí ibùsùn ọsibítù, dígí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1953 wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn lábẹ́ orúnkún, ó kú lọ́dún kejì. Wọ́n ti balùwẹ̀ rẹ̀ pa nínú ilé aláwọ̀ búlúù ní Coyoacán, wọn ò ṣí i títí di 2004. Graciela Iturbide wọlé, ó ya ohun tó bá níbẹ̀: ọ̀pá tó fi ń rìn, kọ́sẹ́ẹ̀tì tó fi ń gbé ẹ̀yìn ró, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá yẹn ní bàtà o, bàtà pupa tí wọ́n ṣọnà sí lára. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń bínú sí òwe ọmọ atiro tó ra bàtà fún bàbá rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ̀rín pa mí. Síbẹ̀ ó dùn mí. Onífọ́tò wá tẹ́ Frida lọ́rùn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òun ló ń yan ohun tí wọ́n á rí. Balùwẹ̀ yẹn, ta ló bi í léèrè? Mo sì tún dúpẹ́ pé mo rí i. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ so méjèèjì pọ̀.

Sátidé ni mo fẹ́ lọ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí mi. Télọ̀ mi pè lánàá: "Síkẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé kó wọ́lẹ̀ ni, àbí kó dúró sí orúnkún?" Mo ní kí wọ́n fún mi di alẹ́. Wọ́n ti tún pè lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì gbé e.

Mo ti ra bàtà ṣá. Pupa ni.