Àmì Lásán Kọ́

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní gbólóhùn kan tí a fi ń rẹ ara wa lẹ́kún nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde: "Gbogbo iṣẹ́ náà ni mo ṣe, àmì lásán ni mo gbàgbé." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi títí ó fi sú mi.

Ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ jù ni integration tí ń bí logarithm. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé 1/x yóò di ln|x|. Èyí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé, bí a bá rí 1/(30 − x), kíá ni a ó kọ ln|30 − x|, a ó sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, −ln|30 − x| ni. Àmì ìyọkúrò tí ó ṣáájú x nínú ìdá náà gbọ́dọ̀ hàn níta. Ẹni tí ó bá ṣe differentiation èsì rẹ̀ padà yóò rí i lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ àmì àti logarithm kò lè da àgbà láàmú. Ní 1712 sí 1713, Leibniz àti Johann Bernoulli jiyàn nínú lẹ́tà lórí logarithm nọ́ńbà tí ó kéré sí òdo. Euler ni ó tú u palẹ̀ nínú ìwé tí ó jáde ní 1751. Ṣùgbọ́n tiwọn jinlẹ̀. Tiwa, ìkánjú ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀kọ mímu kalẹ̀ kí ó tutù. Láti 1701 ni Newton ti kọ ọ́ pé bí nǹkan bá ṣe gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ tó ni yóò ṣe yára tutù tó. Kí afẹ́fẹ́ yàrá jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ̀kọ jẹ́ 90. Ó fi 60 jù ú lọ. Bí 60 yìí bá di ìdajì ní ìṣẹ́jú 10, ẹ̀kọ yóò di 60. Ní ìṣẹ́jú 10 mìíràn, yóò di 45, ó ṣe é mu. Bí a bá pe ooru ẹ̀kọ ní T, 1/(30 − T) ni a ó ṣe integration rẹ̀. Sọ àmì yẹn nù wò: ohun tí ó yẹ kí ó dín sí ìdajì yóò di ìlọ́po méjì, 60 yóò di 120, ẹ̀kọ yóò sì di 150. Ẹ̀kọ orí tábìlì gbóná ju omi híhó lọ! Akẹ́kọ̀ọ́ á sì fa ìlà méjì sábẹ́ èsì yìí.

Ọmọ Yorùbá ni wá o. Mẹ́rìndínlógún ni 16, mẹ́rìnlélógún ni 24. Ta ni yóò san owó ọsàn mẹ́rìndínlógún, tí yóò kó mẹ́rìnlélógún, tí yóò wá sọ fún ìyá ọlọ́sàn pé "dín" lásán ni òun gbàgbé?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi: máàkì kan ṣoṣo tí ẹ ń yọ nítorí àmì ni kò jẹ́ kí a gbọ́n. Lójú tèmi, ẹni tí ó kọ 150 tí kò sì yà á lẹ́nu ni kí ẹ yọ máàkì rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó kọ 150, tí ó wá kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀kọ kì í gbóná sí i lórí tábìlì, pé òun ti ṣìnà níbì kan, ẹ dá tirẹ̀ padà fún un.