Ọmọ Tó Ń Wá Ìdí: Kọ̀ǹpútà Àlòkù Nínú Ẹ̀kọ́ Ilé

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa: "Kọ̀ǹpútà yìí ti gbó, ẹ bá mi ra òmíràn." Láti ọdún 2015 tí JAMB ti sọ ìdánwò rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, kò sí òbí tó lè ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò kan òun. Olùkọ́ ń béèrè rẹ̀, ibi iṣẹ́ ń béèrè rẹ̀, owó tí a ó fi ra tuntun sì ń sá fún wa lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń jẹ gbèsè kí ojú má baà ti ọmọ wọn láàárín ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jẹ gbèsè náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ohun tí mo ti rí. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, tí òbí àti ọmọ bá jọ jókòó tì í tí wọ́n sì jọ tún un ṣe, máa ń kọ́ ọmọ ní ìwà kan tí ìbáwí ẹnu kì í tètè kọ́ ọ, ìyẹn ni kí ó máa wá ìdí ọ̀rọ̀ kó tó dájọ́.

Iṣẹ́ yìí kọ́ ni mo fi ń jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, ọjọ́ Sátidé tí iṣẹ́ ilé bá ti rọlẹ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ máa ń ráyè fún un. Àwọn ẹ̀rọ tí à ń lò kò ṣòro rí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n bá kó sílẹ̀ ló ń gba ojú omi wá sọ́dọ̀ wa tí à ń pè ní tòkunbọ̀. Ẹ dé Computer Village ní Ìkẹjà, ní agbègbè òpópónà Otigba, ẹ ó rí wọn tí wọ́n tò wọ́n lé ara wọn lórí tábìlì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni EliteBook 840 G1 ti HP, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 2013. Ẹ dà á dojú bolẹ̀, ẹ fi ìka ti ìkọ́ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa ìdérí náà, gbogbo inú rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn láìtú nọ́ọ̀tì kankan. Fáànù nìyí, RAM nìyí, hard disk nìyí, bátìrì nìyí. Ojú ọmọ á là. Ó ti rí i pé apá-apá ni wọ́n tò ó pọ̀, àti pé apá kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo wa fi kọ́ ọmọ ti ń wọlé: "Kí ló ṣe é gan-an?" Ọmọ á ní, "Ó ń lọ́ra." N kì í gba ìdáhùn yẹn. Ìgbà wo ló ń lọ́ra? Ṣé ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, hard disk ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Nínú hard disk àtijọ́, àwo pẹlẹbẹ ló ń yí, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ wọn, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré káàkiri lójú àwo náà láti wá ohun tí a kọ síbẹ̀. Ìsáré yẹn ló ń jẹ àkókò. SSD, tí wọ́n ń lò dípò hard disk báyìí, kò ní ohunkóhun tó ń yí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́wàá fi máa ń ta kébé lọ́jọ́ tí a bá fi SSD pààrọ̀ hard disk rẹ̀.

Àbí lẹ́yìn tí a ti lò ó fún bíi wákàtí kan ló ń lọ́ra, tí abẹ́ rẹ̀ sì ń gbóná? Ooru nìyẹn. Processor, tó jẹ́ ọ̀gá nínú kọ̀ǹpútà, máa ń dín eré ara rẹ̀ kù tí ooru bá pọ̀ jù, kó má baà jó. Ẹ wo fáànù. Eruku ọyẹ́ máa ń dì mọ́ ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde, títí atẹ́gùn kò fi ní í rí ọ̀nà mọ́. Ìpara tó wà láàárín processor àti irin tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀ náà máa ń gbẹ bí ọdún bá ti gorí ọdún. Àbí ìgbà tí ọmọ bá ṣí nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń lọ́ra? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni kò tó, 840 G1 tí mo wí yìí sì lè gba tó 16 GB. Ẹ ò rí i pé àìsàn mẹ́ta ni, ìtọ́jú mẹ́ta, àmọ́ orúkọ kan ṣoṣo ni ọmọ ń pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yé ọmọbìnrin mi jù. A ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́jọ́ kan ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́, pé gbogbo ìkànnì tí òun bá ṣí ni kọ̀ǹpútà ń sọ pé kò ṣeé fọkàn tán. Ó ti ra dátà kún dátà, ó ti bínú sí àwọn tó ń ta dátà, ó tún ti fura sí àbúrò rẹ̀ pé ó fọwọ́ kan nǹkan. Mo ní, "Fóònù rẹ ńkọ́, ṣé ó ń ṣí ìkànnì yẹn?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, ó ń ṣí i." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Mo ní kó ka gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà sí mi létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń kà á lọ, ó dé igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ó dákẹ́. "Mọ́mì, ọdún 2012 ni wọ́n kọ síbí."

Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó rí pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀. CR2032 ni wọ́n ń pè é: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.2, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fólìtì 3. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà ṣọ́ ọjọ́ àti àkókò nígbà tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Tó bá ti kú, kọ̀ǹpútà á padà sí ọjọ́ àtijọ́. Àwọn ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2012 la wà á yẹ ìwé ẹ̀rí òde òní wò, á ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, á sì kọ̀ ọ́. A yọ bátìrì tó ti kú, a fi tuntun sí i, a tún ọjọ́ ṣe, gbogbo ìkànnì náà ṣí. Mi ò bá a wí rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àbúrò rẹ̀, ó ní, "Má bínú, ìwọ kọ́." Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju kọ̀ǹpútà tó ṣí lọ.

Ọwọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọmọ tó bá ti fi RAM sí àyè rẹ̀ rí kò ní í béèrè ìtumọ̀ òwe yìí. Wọ́n gé etí RAM níbì kan, ibi tí wọ́n ti gé irú RAM tí à ń pè ní DDR3 sì yàtọ̀ sí ti DDR4. Bí kò bá wọlé, agbára kọ́ ló kù: bóyá a yí i sódì, bóyá ti ẹ̀rọ mìíràn ni. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, a ó kì í bọ àyè rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, a ó rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, irin kékeré ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì dì í mú.

Mo ní òfin fún àwọn ọmọ lórí tábìlì iṣẹ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tó kù. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin, kí iná tó máa ń ta ni lára aṣọ nígbà ọyẹ́ má baà ba RAM jẹ́. Ẹ to nọ́ọ̀tì sórí ìwé, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti tú u sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó kan òmíràn, torí ẹni tó pààrọ̀ mẹ́ta pọ̀ kò ní í mọ èyí tó wò ó sàn. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni mo sì ń fún ní sikurudiráfà. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọmọbìnrin yín mọ sí pé kó máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló wá ká mi lára jù. Hard disk tòkunbọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà dé lófìfo. Àwòrán ìgbéyàwó ẹni tí a kò mọ̀ rí lè wà níbẹ̀, lẹ́tà dókítà lè wà níbẹ̀, àwòrán ọmọ wẹ́wẹ́ náà lè wà níbẹ̀. Ọmọ á fẹ́ wò ó, ọmọdé ni. Ibẹ̀ ni òbí ti ń jẹ́ òbí. Mo máa ń bi wọ́n pé, bó bá jẹ́ tiwa ló bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ńkọ́? A kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò. A ó nù ún kúrò pátápátá, a kò sì ní í ròyìn ohun tí ojú wa ṣèèṣì rí. Bí a bá sì fẹ́ ta tiwa tàbí kí a fi tọrẹ, bákan náà la ó ṣe. Mo jẹ́ kó yé wọn pé ohun tí a bá pa rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà kò tíì lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà fagi lé, ohun náà ṣì wà lójú hard disk títí a ó fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ọmọ tí èyí bá yé á máa ronú kó tó ya àwòrán tí kò fẹ́ kí ará ìta rí.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ àtijọ́ kò wúlò mọ́, Microsoft ṣáà ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Òótọ́ ni. Windows 11 sì ń béèrè ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti processor tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n sábà máa ń gbà, ìran kẹrin sì ni ti 840 G1. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò kú. Linux, tó lè rọ́pò Windows, wà, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí di òní. Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn irú rẹ̀, ni mo fi sórí tiwa. Ẹ lè gbé e sórí flash, kí ẹ fi flash náà tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ dán an wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà lórí hard disk. LibreOffice ni àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Àwọn iṣẹ́ kan ṣì wà tí Windows nìkan ló gbà wọ́n, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹ tó pààrọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí inú mi dùn sí gidigidi: Linux ní bátànì ìtẹ̀wé Yorùbá nínú, tó ní ẹ, ọ àti ṣ. Lórí ẹ̀rọ tí àwọn kan ti pè ní pàǹtí ni àwọn ọmọ mi ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ wọn bó ṣe yẹ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà nílé yín. Bátìrì CR2032 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan léwu púpọ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí i lọ́fun, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ má fi falẹ̀ rárá, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ tì í mọ́lé nígbà gbogbo, òkú àti ààyè rẹ̀. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má sì tún fi iná sí i. Àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní iná, ẹ má tú u rárá, torí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà.

Kí ọmọ mọ ibi tí agbára òun mọ náà jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tó bá ti kan jíjó irin mọ́ bọ́ọ̀dù, ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ là ń gbé e lọ. Mo máa ń jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," kó sì ṣàlàyé ohun tí a ti yẹ̀ wò. Ẹni tó ti wá ìdí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé kì í fojú tín-ín-rín wo ẹni tó mọ ìyókù, kì í sì í ná owó iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí yóò di ìyà. Èyí tó bá sì ti kọjá àtúnṣe, a ó yọ RAM àti SSD rẹ̀ pamọ́, a ó kó ìyókù fún àwọn tó ń tú u bó ṣe yẹ. A kì í dáná sun ún. Ní ọdún 2022, àwọn ẹ̀rọ oníná tí aráyé kó dànù tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, èyí tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n tún lò bó ṣe yẹ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Èéfín wáyà tí wọ́n ń sun nítorí bàbà, àwọn ọmọ tó ń ṣeré nítòsí ló ń fà á símú.

Ìbéèrè wa, "Kí ló ṣe é gan-an?", ti kúrò lórí tábìlì kọ̀ǹpútà báyìí. Nígbà tí èsì ìṣirò ọmọkùnrin mi kò dára, kò sọ fún mi pé olùkọ́ kò fẹ́ràn òun. Ó gbé ìwé ìdánwò náà kalẹ̀, ó pín àṣìṣe rẹ̀ sọ́tọ̀: èyí tí kò yé e rárá, àti èyí tó yé e àmọ́ tó kánjú ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá. Àwùjọ wa kún fún àwọn tó ń tètè dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ilé ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tún ní kọ̀ǹpútà ti gbó, ẹ má tíì dá a lóhùn owó. Ẹ bi í pé kí ló ṣe é gan-an, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi rí ìdáhùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí eruku fáànù, ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ náà ti lo ìgbà rẹ̀ tán, ẹ ra òmíràn fún un bí agbára bá gbé e. Ọmọ yín á mọ ìdí tí ẹ fi rà á, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.