Máṣíìnì Ẹlẹ́ni Mẹ́ta

Àwa mẹ́ta la ni ín. Bí ẹ bá ti rí máṣíìnì pupa kan lẹ́nu géètì, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́, àwa náà nìyẹn. Bajaj Boxer ni, ti àwọn ará Íńdíà, àlòkù. ₦90,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dá sí i. Ilé tí a gbà jìnnà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa tó kìlómítà márùn-ún, ₦200 ni ọlọ́kadà ń gbà ní àlọ, ₦200 ní àbọ̀. Bí òjò bá sì ti ṣú, iye tó bá wù wọ́n ni. A ṣírò rẹ̀, a ní kí a kúkú ra tiwa. Akoto méjì péré la ní, nítorí náà ẹni méjì ló ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni kẹta a fẹsẹ̀ rìn, tàbí kó dúró de ìrìn-àjò kejì.

Nínú ìwé, alùpùpù là ń kọ. Ẹ dán an wò, kí ẹ dé sọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kí ẹ ní alùpùpù yín bàjẹ́, ẹ ó rí bí wọn yóò ṣe wò yín. Máṣíìnì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀kadà ni ti ẹni tó ń fi gbé èrò. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè é. Ọkọ̀ òfuurufú náà ti kógbá wọlé tipẹ́, ọ̀kadà ṣì ń ná ọjà.

Fọ́ọ̀-sítróòkù ni bàbá mẹkáníìkì wa ń pe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, tó fẹ́ràn ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ ju oúnjẹ lọ, gbìyànjú láti wá orúkọ Yorùbá fún un. Ó kọ odidi ojú ìwé kan, kò sí èyí tó wọ̀ wá létí. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú gbogbo wàhálà yẹn ni ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tí a máa ń kà bí ábídí: fà, fún, bú, tú. Písítìn yóò lọ sísàlẹ̀, yóò fa afẹ́fẹ́ àti bẹntiróò wọlé. Yóò gòkè, yóò fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì yóò ta iná, gbogbo rẹ̀ yóò bú, yóò ti písítìn padà sísàlẹ̀. Yóò tún gòkè, yóò tú èéfín jáde. Nikolaus Otto, ará Jámánì, ló ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1876, ohun tí tiwa náà sì ń ṣe nìyẹn. (Ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí "fà", písítìn náà sì ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ má bi wá léèrè nípa "bú".)

Ohun tí a kò mọ̀ ni ibi tí ọ́ìlì ń gbé. Nínú tú-sítróòkù, inú bẹntiróò ni wọ́n ń da ọ́ìlì sí, wọn a sì jọ jóná; ìdí nìyẹn tí àwọn máṣíìnì àtijọ́ fi máa ń rú èéfín bí ẹni ń yan ẹja. Nínú fọ́ọ̀-sítróòkù, ikùn ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì wà. Yóò máa yí ká, yóò máa padà síbẹ̀, títí tí yóò fi dúdú, tí agbára rẹ̀ yóò tán. Èèyàn ní láti tú u dà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, kó rọ tuntun sí i. Lítà kan péré ni.

Wàyí o, bàbá ọ̀kan nínú wa gun tú-sítróòkù lọ sóko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lórí fóònù, bàbá ní, "Ṣé ẹ ń da ọ́ìlì sí epo rẹ̀? Ẹ má jẹ́ kó gbẹ o." Ọmọ gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tó bá ra bẹntiróò ló ń da ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Ẹnì kejì, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, rí ìgò ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ti ní alámòójútó. Ẹnì kẹta ló ń san owó ọ́ìlì náà, ó sì gbà pé òun ti ṣe tòun. Oṣù márùn-ún gbáko ni a fi ra ọ́ìlì tí ẹ̀kán rẹ̀ kò dé ibi tó yẹ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni, àwọn ọkùnrin méjèèjì ló wà lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo láti ọjọ́ mélòó kan, a rò pé ṣéènì ló dẹ̀. Níbi òkè tó wà lẹ́yìn ọjà, ó ké gáú, táyà ẹ̀yìn dúró gbọn-in, ó fà wá lọ sínú kòtò. Orúnkún bó, aṣọ ya, a sì fẹsẹ̀ sáré dé gbọ̀ngàn ìdánwò nígbà tí wákàtí kan ti lọ. Ọ̀kan nínú wa kò yege nínú iṣẹ́ náà.

Bàbá mẹkáníìkì yọ ọ̀pá ọ́ìlì. Ó gbẹ. Ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ohun tó jáde kò kún ìdérí ìgò, ó dúdú bí ọ̀dà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ni máṣíìnì yìí?"

"Àwa ni, sà."

"Mo ní, ta ló ni ín?"

A kò rí nǹkan kan sọ. ₦54,000 ni owó písítìn, ríìngì, bọ́ọ̀rù àti iṣẹ́ ọwọ́.

Ibi tí ìjà ti dé nìyẹn. Inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn, ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Sọ fún un pé kó bu iyọ̀ sí i" ni obìnrin wa ń bá wọn rù kiri láàárín ìgbọ̀nsẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́fà. Kí a tó pinnu bí a ó ṣe pín owó náà, ẹni tó ń da ọ́ìlì sí epo ti san gbogbo rẹ̀. Ó ti ta fóònù rẹ̀. Inú fóònù yẹn ni ẹkún ìyàwó mẹ́fà wà, èyí tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Ó ní òun ti kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a ṣí i, mẹ́rin la bá. A sáré tọ ẹni tó ra fóònù lọ, ó ti nu gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dànù.

Àwa méjì yòókù dá ₦18,000 ₦18,000, a fi lé e lọ́wọ́. Kò fẹ́ gbà á. A fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ìwé kékeré kan ti wà lábẹ́ ìjókòó máṣíìnì báyìí, nínú ọ̀rá. Ẹni tó bá yí ọ́ìlì yóò kọ ọjọ́, yóò kọ iye kìlómítà, yóò sì buwọ́ lù ú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi máṣíìnì sá eré-ìje orí iyẹ̀pẹ̀ la ti rí i kọ́. Láti 1998 tí Yamaha ti gbé YZ400F jáde ni fọ́ọ̀-sítróòkù ti ń gba ipò tú-sítróòkù nínú eré yẹn, wákàtí ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́ orí ọ́ìlì wọn, kì í ṣe oṣù. Tiwa kò nílò ìyẹn, ṣùgbọ́n ìkà náà ló wù wá. Ojú ìwé tó kún jù ni ti ìgbà ọyẹ́: fọ́tà afẹ́fẹ́, fọ́tà afẹ́fẹ́, fọ́tà afẹ́fẹ́. Eruku ọ̀nà wa kò ní àánú.

Bàbá ní kí a má sáré títí tí písítìn tuntun yóò fi mọ ilé rẹ̀, kí a sì tètè yí ọ́ìlì àkọ́kọ́ nítorí ìrì irin tó máa wà nínú rẹ̀. Ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn la fi lọ sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ Sátidé kan, méjì lórí máṣíìnì, ẹnì kẹta nínú ọkọ̀ èrò, láti lọ bẹ màmá àgbà kí wọ́n tún ẹkún méjì yẹn sun fún wa. Wọ́n ta wá lọ́rẹ ọsàn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí orúnkún tó bó. Wọ́n sun ọ̀kan, ó tiẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èkejì, wọ́n gbé e, ó já. Wọ́n tún un gbé, ó tún já. Wọ́n ní àwọn kò rántí ìyókù mọ́, pé bóyá bí a bá padà wá lẹ́yìn ìkórè. A ti kọ ọ́ sínú ìwé abẹ́ ìjókòó, lójú ewé kan náà pẹ̀lú ọ́ìlì tó kàn.