Ọkọ̀ Ogun Hood Lórí Tábìlì Mi: Òtítọ́ Kò Kéré

Àwọn tó bá wọ yàrá ìkàwé mi máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni àgbàlagbà ń fi ohun ìṣeré ọmọdé ṣe?" Ohun tí wọ́n rí lórí tábìlì ni ọkọ̀ ogun ojú omi kan tí a fi ike ṣe, èyí tí mo ti ń to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. HMS Hood ni orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ìbéèrè yìí tó ohun tí à ń dáhùn ní gbangba, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kan iṣẹ́ ìròyìn tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn lójoojúmọ́.

Ìlú Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti kan Hood, wọ́n sì tì í sómi ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 1918. Ó gùn ní mítà 262. Ìbọn àgbá mẹ́jọ ló gbé, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fẹ̀ ní íǹṣì 15. Ìyangàn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí wọ́n rán an yí ayé ká láti fi agbára ìjọba Gẹ̀ẹ́sì han àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, Freetown ni ó ti kọ́kọ́ dúró, ní oṣù Kejìlá, ọdún 1923. Freetown yìí kan náà ni àwọn Àkú fi ṣe ilé, àwọn ìran Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ọkọ̀ náà kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ìtàn wa, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìfẹ́ wa ló gbé e wá.

Ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1941, ni òpin dé bá a. Lójú òkun tó wà láàárín Iceland àti Greenland, ó kojú Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì. Ìbọn kò tíì dún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Hood fi bú gbàmù, ó sì rì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ènìyàn 1,418 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta péré ló yè. Ted Briggs, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà náà.

Ìwọ̀n tí mo ń lò ni ọ̀kan nínú 350. Ìyẹn ni pé mítà 350 lórí ọkọ̀ gidi di mítà kan ṣoṣo lórí tèmi. Hood tèmi gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75, ó sì fẹ̀ ní 9. Atukọ̀ tó ga dáadáa kò ju mìlímítà márùn-ún lọ, kò tó hóró ìrẹsì kan.

Inú páálí ni ẹ̀yà ọkọ̀ náà ti wá, gbogbo wọn so mọ́ férémù ike bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. A ó kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, nítorí òróró tó kù lára wọn láti ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. A ó gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi sáńpépà ra ojú wọn, a ó sì gbé ọ̀kan lé èkejì lórí láìfi nǹkan lẹ̀ ẹ́, láti mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Oje tí a fi ń lẹ̀ wọ́n kò dà bí gọ́ọ̀mù lásán: ńṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì, tí wọ́n á sì di ọ̀kan bó bá gbẹ. Ohun tí a bá lẹ̀ wọ́, wíwọ́ ni yóò wà. Ní ti ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì ni mo sábà máa ń lò, nítorí ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà ń fẹ́ iná mànàmáná, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń fi ike bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí eruku má baà bà lé ọ̀dà tútù.

Ọgbà tó yí etí ọkọ̀ ká, tí kì í jẹ́ kí atukọ̀ já sómi, ló kọ́ mi jù. Bí a bá fi ike ṣe irin ọgbà náà, tí ó nípọn ní ìdajì mìlímítà péré, a jẹ́ pé lórí ọkọ̀ gidi yóò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ, bí itan géńdé ọkùnrin. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kò sí rí. Ìdí nìyí tí a fi ń ra ọgbà tí a fi idẹ pẹlẹbẹ ṣe, tó tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, tí a ó fi ìmúra dì mọ́ ọn. Irọ́ tí ojú kò rí lórí ohun kékeré máa ń hàn gbangba bí a bá fi ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Síbẹ̀, ìbéèrè tó le jù ni ti ọjọ́. Kò sí Hood kan ṣoṣo. Hood tó gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1923 ní ìbọn kékeré onííǹṣì 5.5 ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ní 1940, wọ́n yọ wọ́n kúrò, wọ́n sì fi ìbọn onííǹṣì mẹ́rin tó lè yìn sí ọkọ̀ òfuurufú rọ́pò wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, wọ́n fi ẹ̀rọ rédà tí ń darí ìbọn kún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe Hood ọjọ́ ikú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àwòrán 1923 ṣe ẹ̀rí. Fọ́tò rẹ̀ ìkẹyìn wà, tí wọ́n yà láti orí ọkọ̀ Prince of Wales tí wọ́n jọ lọ sójú ogun. Àmọ́ dúdú àti funfun ni àwọn fọ́tò ìgbà náà, àwọn fíìmù kan sì máa ń sọ pupa di dúdú, tí wọ́n á sọ búlúù di funfun. Fọ́tò kì í purọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo òtítọ́ fún ẹni tí kò bi í léèrè.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ibí yìí ni ọkọ̀ ike ti di ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́, kí àwòrán tó jáde, a máa ń bèèrè ohun mẹ́ta: ta ló yà á, níbo, nígbà wo? Lónìí, bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán òkú láti ìlú mìíràn, láti ọdún mìíràn, á ti gba orí fóònù gbogbo wa kan. Òótọ́ ni àwòrán náà; ọjọ́ rẹ̀ ni irọ́. Irọ́ bẹ́ẹ̀ ti gbé àdá lé ọmọ aládùúgbò lọ́wọ́ rí.

Àwọn kan lè sọ pé ta ni yóò mọ̀ bí ìbọn kan bá ṣì wà níbi tí kò yẹ kó wà. Èmi a mọ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn 1,415 tó bá Hood lọ kò lè dìde láti wí pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀." Bákan náà ni àwọn tí a ń fi òkú wọn ṣe àwòrán ìjà tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ti kú kò ní ẹnu. Àwa tó kù ni ẹnu rẹ̀. Kí ẹ tó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bèèrè ọjọ́ rẹ̀.