Ọjọ́ Kan ní Etí Odò Niagara

  Púpọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè ohun tí ojú wa rí ní ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ wa gbéra láti Rexdale lọ sí etí odò Niagara. Àwọn fọ́tò tí ẹ rí lórí WhatsApp kò sọ ìdajì rẹ̀, nítorí oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí a kò lè yà ní fọ́tò ni a fẹ́ kọ síhìn-ín.

Ní ọdọọdún, ìrìn-àjò wa kì í kọjá ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. A ó wò ó, yóò ta sí wa lára, a ó jẹun, a ó padà sílé. Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí a má dúró níbẹ̀. Wọ́n ní omi tó já náà ṣì ń ṣàn lọ, àti pé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti Queenston títí dé ìlú Niagara-on-the-Lake, ni wọ́n ti ja ogun ọdún 1812, tí àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tó jà á. Àwọn àgbà kan rojú díẹ̀. Wọ́n ní òyìnbó ló bá òyìnbó jà, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló lọ háyà bọ́ọ̀sì, ẹni tó sì háyà bọ́ọ̀sì ló ń sọ ibi tí yóò gbà.

A gba òpópónà 427, a bọ́ sí QEW, a kọjá lórí afárá gíga ti Burlington. Lẹ́yìn St. Catharines, oko èso píìṣì àti ti àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wa. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, a ti dé Queenston.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ nípa odò náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ odò náà kò lè mọ ogun rẹ̀. Kò gùn, nǹkan bíi kìlómítà 58 ni láti adágún Erie dé adágún Ontario. Láti gúúsù ló ti ń ṣàn lọ sí àríwá. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé Queenston gan-an ni omi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já ní nǹkan bí 12,000 ọdún sẹ́yìn, tó sì ń jẹ àpáta lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tó wà lónìí, ìrìn kìlómítà mọ́kànlá. Ohun tó jẹ kù ni ọ̀gbun jíjìn tí odò náà ń gbà kọjá. Ní Queenston ni ọ̀gbun náà parí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó bá ń ti adágún Ontario bọ̀ kì í lè kọjá. Nítorí náà, láyé àtijọ́, wọn a já ẹrù sílẹ̀ ní èbúté, wọn a fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà gbé e gun òkè, wọn a sì tún un kó sínú ọkọ̀ mìíràn ní Chippawa, ní òkè ibi tí omi ti ń já. Iṣẹ́ yìí ni Queenston ń jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí odò àtọwọ́dá Welland ní 1829, ọkọ̀ gba ibòmíràn lọ, ìlú náà sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí yé Bàbá Ẹ̀pẹ́ ju gbogbo wa lọ. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí wọn sí. Ìdílé wọn wà lára Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ lọ tẹ̀dó síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní December 1851. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró. Nítorí náà, kò ṣàjèjì létí Bàbá pé ogun àti omi wà nínú ìtàn kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹja ni Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ rí. Ọkùnrin kan ń fi ìwọ̀ pẹja ní èbúté Queenston, Bàbá sì lọ dúró tì í. Ọkùnrin náà sọ fún wọn pé kí wọ́n má wo ojú omi, pé ó dà bí ẹni pé ó sinmi, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ń fà, àti pé omi náà máa ń ga, ó sì máa ń fà sẹ́yìn nítorí àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń gba omi láti òkè wá. Ó fa ẹja kan jáde, ó dára lójú, ó tóbi. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin náà tú ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹja, ó sì rọra dá a padà sínú omi. Bàbá wo omi, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n yíjú sí wa, wọ́n ní, "Kí ló wá ń ṣe níhìn-ín láti àárọ̀?"

Èbúté yìí kan náà ni àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ń lépa ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 13 oṣù October 1812. Wọ́n wọ ọkọ̀ ní Lewiston, ní òdìkejì, wọ́n sọdá nínú òkùnkùn, wọ́n sì gun òkè. Ọ̀gágun Isaac Brock tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì sáré síwájú láti gba òkè náà padà, ìbọn bà á, ó kú. Òun ni wọ́n kọ́ òpó gíga tó wà níbẹ̀ fún, mítà 56, àtẹ̀gùn 235 nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa gùn ún, àwa jókòó sí abẹ́ igi. Síbẹ̀, kì í ṣe ikú Brock ló parí ìjà ọjọ́ náà, odò ni. Àwọn ọmọ-ogun New York tó kù ní Lewiston rí àwọn tó fara gbọgbẹ́ tí ọkọ̀ ń gbé padà, wọ́n gbọ́ igbe àwọn jagunjagun Haudenosaunee láti òkè, wọ́n sì kọ̀, wọn kò sọdá. Àwọn tó ti sọdá kò rí ìrànwọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn Haudenosaunee tí John Norton ṣáájú, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ẹgbẹ́ kékeré àwọn aláwọ̀ dúdú, gba orí òkè yọ sí wọn. Ìbọn wà níwájú wọn, àpáta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti omi wà lẹ́yìn wọn. Ó lé ní 900 ènìyàn tó túúbá.

A kí Àyìlà àti Àásárì pọ̀ lórí koríko níbẹ̀, òpó méjì méjì gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, sọ ìtàn Chloe Cooley fún wa. Ẹrúbìnrin ni, ní Queenston yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 1793, Adam Vrooman tó pe ara rẹ̀ ní olówó rẹ̀ fi okùn dè é, ó jù ú sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbé e sọdá odò láti lọ tà á. Ó kígbe, ó jà. Peter Martin, aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe ọmọ-ogun rí, lọ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Gómìnà Simcoe. Láti inú ẹjọ́ yẹn ni òfin 1793 ti jáde, pé a kò gbọdọ̀ mú ẹrú tuntun wọ Upper Canada mọ́. Òfin náà kò tú ẹni tó ti jẹ́ ẹrú sílẹ̀, ọmọ tí ẹrúbìnrin bá sì bí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ọdún 25 kí ó tó di òmìnira. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e, odò yìí kan náà ni àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà ń sọdá wá sí ìhà ìhín. Orúkọ Chloe Cooley kò hàn nínú ìwé kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbé e sọdá. Ìyá Àdínì ní kí a ṣe àdúà fún un, a sì ṣe é.

Ní ọ̀sán, a lọ sí ẹnu odò, níbi tó ti ń wọ adágún Ontario. Odi Fort Mississauga wà níbẹ̀, láàárín pápá gọ́ọ̀fù. (Bí ẹ bá lọ, ẹ ṣọ́ orí yín.) Àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà dáná sun ìlú náà ní December 1813, lára bíríkì àwókù ilé rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ odi yìí, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

Ẹni tó dá ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ ọmọ-ogun yẹn ni Richard Pierpoint. Nǹkan bí 1744 ni wọ́n bí i ní Bundu, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Sẹ́nẹ́gà lónìí. Ó jẹ́ ẹni ọdún 16 nígbà tí wọ́n mú un. Wọ́n kó o sọdá òkun ní nǹkan bí 1760, wọ́n sì tà á fún ọ̀gá ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kan. Ó bá àwọn Butler's Rangers jà nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà fún òmìnira, ó di òmìnira, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ 200 éékà lágbègbè St. Catharines. Ní 1794, òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún àwọn ní ilẹ̀ tó fara kanra, kí àwọn lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ìjọba kọ̀. Àwa tí a kó ara wa jọ sí àárín Kipling àti Islington mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Nígbà tí ogun 1812 bẹ́ sílẹ̀, Pierpoint ti ń sún mọ́ ẹni 70 ọdún, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tiwọn. Wọ́n gba ìmọ̀ràn rẹ̀, wọ́n fi òyìnbó ṣe ọ̀gá lórí wọn, òun fúnra rẹ̀ sì jà bí ọmọ-ogun lásán.

Ní July 1821, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà láti York, ìlú tó di Toronto. Ó ní òun ti darúgbó, òun kò ní nǹkan kan, agbára iṣẹ́ kò sí mọ́, ohun tó sì wu òun ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí òun padà sí ilẹ̀ òun. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun lọ sí Ìlú Ọba, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ gbé òun lọ sí ìtòsí odò Gambia tàbí odò Senegal, kí òun lè ti ibẹ̀ wá ọ̀nà Bundu. Ọdún 61 ti kọjá tó ti fi ilé sílẹ̀, ó ṣì mọ orúkọ odò tí ọ̀nà ilé rẹ̀ gbà.

Ìjọba fún un ní ilẹ̀ 100 éékà nínú igbó Garafraxa, ní etí Grand River, nítòsí ibi tí Fergus wà báyìí.

Ọmọdé kan láàárín wa béèrè pé, "Bàbá, ṣé wọn ò jẹ́ kó lọ ni?"

Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní, "Ilẹ̀ ni wọ́n fún un, ọmọ mi. Ilé ló tọrọ."

Bundu jẹ́ ilẹ̀ Mùsùlùmí. Malik Sy tó jẹ́ ààfáà ló dá a sílẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ìwé Pierpoint kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, a kò sì ní tìtorí ìfẹ́ wé láwàní fún un. Ṣùgbọ́n ará Bundu mìíràn wà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn kedere, Ayuba Suleiman Diallo. Wọ́n mú un nítòsí odò Gambia ní 1731, wọ́n tà á sí Maryland. Ó kọ lẹ́tà ní èdè Lárúbáwá sí bàbá rẹ̀, lẹ́tà náà sì bá ọ̀nà mìíràn lọ, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá ní London. Wọ́n rà á padà. Ní London, ó fi ọwọ́ kọ odindi Kùránì mẹ́ta láti inú orí, ó sì padà sílé ní 1734. Kí a má ṣe fo èyí: ẹrú méjì ló lọ tà ní ìrìn-àjò tí wọ́n ti mú òun náà. Ó gbé ayé títí di 1773. Èyí já sí pé nígbà tí wọ́n ń kó Pierpoint lọ, Ayuba wà láàyè.

Pierpoint ṣí igbó náà, ó kọ́ ilé sí i. Nígbà tó ṣe ìwé ogún rẹ̀ ní 1828, kò ní ọmọ tàbí ẹbí tí yóò jẹ ẹ́. Ó kú ní nǹkan bí 1838.

Bàbá Ẹ̀pẹ́ béèrè pé, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Ẹnì kan dáhùn pé Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Bàbá ní, "Mo mọ̀ pé Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Èèyàn ni mò ń béèrè."

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé oṣù tó kọjá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ríra ilẹ̀ sàréè kò tíì parí láàárín wa, àti pé Bàbá Ẹ̀pẹ́ ló ta kò ó jù. Ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́ ti parí, wọ́n sì ti fi àyè sàréè wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ náà tún hù nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́mọ́ọ̀mù rán wa létí pé Sùnnà ni kí a tètè sin òkú, níbi tó bá kú sí. Ìyá Àdínì ní ọkọ àwọn wà ní ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọ mọ ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n sì ń lọ kí i. Bí ó bá jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n gbé e lọ, ta ni ìbá máa lọ? Ẹlòmíràn ní owó bàálù tí a fi gbé òkú kan lọ sílé tó láti rán àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé. Ohùn ga. Bàbá kò fèsì títí a fi kọjá Burlington.

Ìgbà náà ni wọ́n ní, "Ẹ kọ sàréè kan sílẹ̀, èmi ni n ó san owó rẹ̀. Kì í ṣe tèmi o. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ti ẹni tí kò bá ní èèyàn ni."

Owó náà ti wọ àpò ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti fi orúkọ sílẹ̀ láti san irú rẹ̀. Ní oṣù September, bí ẹ̀mí bá wà, bọ́ọ̀sì yóò gbéra lọ sí Fergus, sí etí Grand River. Ìjókòó méjì ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ ti gbà, ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún ìwọ̀ ẹja.