Aṣọ Kò Lè Bo Àrùn

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí àrùn bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí aṣọ bò, ìtìjú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin rántí rẹ̀.

Ìyá kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí abániwégèlè. Bí ìyàwó bá ń lọ sí ilé ọkọ, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wá lo ìsinmi nílé, ó ṣàkíyèsí pé apá òsì ìyá òun kò gòkè dáadáa mọ́. Ó bi í léèrè, ìyá ní iṣẹ́ ni. Ọmọ kò dákẹ́. Nígbẹ̀yìn, ìyá jẹ́wọ́ pé kókó kan ti wà ní ọmú òun láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde, ṣùgbọ́n kò dun òun.

Ibi tí jẹjẹrẹ ọmú ti ń tan ènìyàn jẹ gan-an nìyí. Kókó rẹ̀ kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé awọ ọmú yóò fà wọnú tàbí kí ó rí bí èèpo ọsàn, kí orí ọmú yí padà, kí ẹ̀jẹ̀ máa ti ibẹ̀ jáde, tàbí kí abíyá wú.

Ní ọdún 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni a rí àrùn yìí lára wọn ní gbogbo ayé. Ó sì pa nǹkan bí 670,000. Ní Nàìjíríà, òun ni jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin obìnrin. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ni ó ń kú. Ní 1997 ni wọ́n rí i lára Betty Anyanwu-Akeredolu. Kò fi pamọ́. Ó gbọ́ ìtọ́jú, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀, ó sì lò ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè bóyá àrùn náà ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí: egbò ọmú ni ó pa ìyá tí ó bí òun. Ayé ni wọ́n ní ó ṣe é, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ mọ́.

Wọ́n gé ọmú kan. Oògùn líle mú kí irun orí rẹ̀ re, abániwégèlè wá ń fi gèlè bo orí ara rẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ìbá tètè lọ, ìyà náà ìbá dín kù.

Nítorí náà, kí obìnrin mọ bí ọmú rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù ni ó dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá ti pé 40 ọdún, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àwòrán ọmú tí a ń fi ẹ̀rọ yà. Ẹni tí ó ti ṣe ní ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà náà. Fífún ọmọ lọ́mú, eré ìdárayá àti yíyẹra fún ọtí a máa dín ewu rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n wọn kò mú un kúrò pátápátá. Ọ̀pọ̀ tí ó sì ń ṣe ni kò ṣe ẹnì kankan rí nínú ẹbí wọn.

Ọmọ náà ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Kí ó tó kúrò nílé, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó, ìyá wọn sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó pa ìyá àgbà fún wọn.