Yàrà Mẹ́ta

Àwa ará Kétu kì í ṣe àjèjì sí yàrà. Èyí tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká, tí Àkàbà Ìdènà jẹ́ ẹnu-ọ̀nà rẹ̀, ni àwọn ọmọ ogun Dahomey dó tì títí wọ́n fi fọ́ ìlú ní 1886. Lọ́dún yìí, àwa olùkọ́ mélòó kan jókòó láti gbèrò yàrà mìíràn, tóóró, tí a óò fi so kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ilé ìkàwé, àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà pọ̀, kí kọ̀ǹpútà wọn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Okùn bàbà kò lè ṣe é: mítà 100 ni òpin rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wa mọ bí àrá ṣe ń sán lórí ilẹ̀ gíga wa yìí nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ dé. Bàbà a máa gbé iná àrá láti ilé kan wọ ilé kejì, a sì jó ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Òwú inú okùn fíbà, gíláàsì tí ó tínrín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń gbé. (Kí ẹ ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á, nítorí wọ́n a máa fi irin sí inú àwọn mìíràn.) A yan irú tí àwọn Faransé ń pè ní monomode, tí ó lè dé kìlómítà 10 láìṣòro. Òwú méjì tó ilé kan lò. A ní kí wọ́n ra olówú 12, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ́ ni ó ń gba owó jù, kì í ṣe okùn.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ́ yìí gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Bí okùn bá gba kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí ilé ìkàwé, tí ó sì ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, ọkọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo tó láti ya àwọn ọmọdé sọ́tọ̀. A fẹ́ yàrà kẹta tí yóò so wọ́n padà mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ọ̀nà náà lè yípo. Akápò wa sọ pé kí a kúkú fi okùn méjì sínú yàrà kan.

A rán an létí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ẹ̀bá Abidjan. ACE àti SAT-3 ni ó gúnlẹ̀ sí Kútọnu, méjèèjì sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà; íntánẹ́ẹ̀tì wa di ohun tí a ń wá kiri. Okùn méjì tí ó bá gba ojú kan náà, okùn kan ni wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ ewu.

Akápò gbà, bí ó tilẹ̀ ń kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì tó kẹ́yìn ni yóò ya àwòrán ọ̀nà náà, ẹ̀dà kan yóò sì wà ní mérì, kí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́la lè mọ ibi tí yóò yà sí. A óò tẹ́ àwọ̀n rọ́bà aláwọ̀ ewé sókè okùn nínú ilẹ̀, kí ọkọ́ lè kọ́kọ́ kàn án. Oní-oko tí yàrà kẹta yóò gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá ti yọ̀ǹda. Ó ní kí a dúró kí òun hú ẹ̀gẹ́ òun tán.